Iṣẹ́ Wà Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Gbọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera gbogbo, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin òbí tí ẹ mú ọmọ yín dání wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ìṣòro dé bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kí n wá sọ: adití, ẹni tí rọpárọsẹ̀ (èyí tí wọ́n ń pè ní sítírókù) gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ kò ṣe tirẹ̀, akólòlò, ọmọ tó ní ọ́tísìmù (tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀) tí kì í sọ̀rọ̀, àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pọ̀ láàárín wa ju bí a ṣe rò lọ. Ti etí nìkan, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé àwọn tó nílò ìtọ́jú káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 430.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbà kí a tó kúrò níbí. Ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń sọ ọ́ nìkan. Ìdajì iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́, nígbà mìíràn ó ju ìdajì lọ. A ti di gbogbo ẹrù náà lé ẹni tí kò lágbára rẹ̀ lórí, a sì ń bínú sí i pé kò rù ú délé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìkíni. Kò sí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, kò sí àsìkò tí ó bọ́ sí, tí a kò ní kíkí fún. Ẹni tó bá kọjá lára àgbà láìkí i, a ti dájọ́ rẹ̀ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Àṣà tó dára ni, n kò sì fẹ́ kí ó parẹ́ láé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó ń pa lára. Wọ́n kí adití láti ẹ̀yìn, kò gbọ́, kò dáhùn, wọ́n ní ó gbéraga. Ọmọ tó ní ọ́tísìmù kò wojú ẹnikẹ́ni, kò sì dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló bà á jẹ́. Akólòlò mọ̀ pé "ẹ káàárọ̀" yóò há mọ́ òun lẹ́nu, ni ó bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí ó má bàa pàdé bàbá onílé. Kí a tó dé ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹjọ́ rárá, a ti fi ohun tí a fẹ́ràn jù lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò láwùjọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dùn mí jù ni ti àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, nítorí pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ rí. Olùkọ́ wà nínú wọn, àlùfáà wà níbẹ̀, ìyálọ́jà tó ń ná ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, ọ̀rọ̀ kò wá mọ́. Ní ọdún 1861, nílùú Paris, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Paul Broca rí ọkùnrin kan tí kò lè sọ ju "tan" lọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, "tan, tan" ni yóò fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yé e ohun tí wọ́n ń bi í. Nígbà tí ó kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé apá òsì, lọ́wọ́ iwájú, ló ti bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ fi ṣe ibùgbé lára ọ̀pọ̀ jù nínú wa. Apá òsì yìí kan náà ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Afásíà ni àwọn dókítà ń pè é.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí: ọ̀rọ̀ ló bọ́, ọgbọ́n kò bọ́. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ọmọ wọn, wọ́n mọ ilẹ̀ wọn àti ààlà rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Òmíràn nínú wọn, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ń sọ náà kì í yé e tán bí ó bá yára tàbí tí ó bá gùn, ìyẹn kò sọ ọ́ di wèrè. Ṣùgbọ́n bàbá fẹ́ sọ "rárá", "bẹ́ẹ̀ ni" ló jáde. Ó fẹ́ pe orúkọ àkọ́bí, orúkọ àbíkẹ́yìn ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó bínú, ó fi ọwọ́ òsì gbá abọ́ dànù, àwọn ará ilé bá wojú ara wọn pé orí bàbá ti dàrú. Láti ọjọ́ náà lọ, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jíròrò ohun ìní rẹ̀, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ìwé, tí wọ́n ń sọ fún àlejò pé "kò mọ ohun tó ń lọ mọ́". Ó mọ̀. Ó ń gbọ́ ọ.

Orin ló tún máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bàbá tí kò lè béèrè omi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yóò wá kí i, wọn yóò dá orin sílẹ̀, yóò sì bá wọn kọ ọ́ délẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò já gaara. Mùsùlùmí tí kò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ yóò ka Fátíhà láìṣì. Òmíràn á ka oókan dé ẹẹ́wàá, òmíràn á gbé èébú jáde bí inú bá bí i. Nígbà náà ni ẹnìkan nínú ilé yóò sọ pé ẹ̀tàn ni bàbá ń ṣe, bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Orin, àdúrà, oríkì àti kíkí tí a ti mọ̀ sórí láti kékeré kò gba ọ̀nà kan náà nínú ọpọlọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ń ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Àrùn lè ba tìhín jẹ́ kí ó fi tọ̀hún sílẹ̀. Kàkà kí ẹ fi orin rẹ̀ bá a ṣẹjọ́, ẹ bá a kọ ọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ máa ń lo orin láti fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá jókòó ti bàbá náà? Ẹ pa rédíò. Kí ẹnìkan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀, kí ó jókòó síbi tí bàbá ti ń rí ojú rẹ̀. Ẹ má pariwo, etí rẹ̀ kò di. Ẹ bi í ní ohun kan lẹ́ẹ̀kan: "Ṣé omi lẹ fẹ́?" Ẹ má ṣe sọ pé "Ṣé omi ni àbí tíì, àbí kí n gbé ọbẹ̀ kaná, dókítà ṣáà ní kí ẹ má jẹ iyọ̀." Bí ó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ yí ìbéèrè náà padà kí ó lè dá yín lójú, nítorí pé "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" máa ń gbapò ara wọn. Ẹ fún un ní ìwé àti bírò, ó lè ya ohun tí kò lè pè. Ẹ mú nǹkan gan-an wá síwájú rẹ̀ kí ó tọ́ka. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dúró. Dídúró yìí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. A kì í lè dákẹ́. Bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta bá kọjá, a ti bá a sọ ọ́ tán, ohun tí a sì bá a sọ lè máà jẹ́ ohun tó ní lọ́kàn.

Àwọn oṣù àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń padà wá jù, ṣùgbọ́n kì í dópin síbẹ̀, ó lè máa pọ̀ sí i fún ọdún mélòó kan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé ó parí. Bí ẹ bá sì rí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ sọ fún un pé Yorùbá ni bàbá ń sọ nílé, kí ó fi Yorùbá tọ́jú rẹ̀. Mo rí àwọn tí wọ́n ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán ìyá àgbà wò, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáhùn. Báwo ni yóò ṣe dáhùn?

Ẹlòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ pé sí lọ́kàn, tí kò pa nǹkan kan dà, àmọ́ tí ẹnu, ètè àti ahọ́n ti rọ, tí ohun tó ń sọ fi ń wọ́lẹ̀ pọ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwa Yorùbá ní àǹfààní kan lórí rẹ̀ tí a kò lò tó. Ẹni tó bá mọ ìlù gbọ́ mọ̀ pé gángan kò ní ètè, kò ní ahọ́n, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ní, síbẹ̀ tí a bá ti mọ ohun tí à ń sọ, a ń gbọ́ ọ. Lára àwọn kan tí ahọ́n wọn wúwo, ohùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, kí ẹ wá tẹ́tí sí ohùn rẹ̀.

Mo fẹ́ yà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ọpọlọ wọn fara pa nígbà ìbí tàbí láìpẹ́ sígbà náà, tí ọrùn wọn kò dúró, tí ọwọ́ wọn ń lọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ òrìṣà ni, tàbí wọ́n ní ìyá rẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún. Díẹ̀ nínú ohun tó ń fà á rèé. Ọmọ tí kò tètè mí nígbà tí wọ́n bí i. Àti ọmọ tí ibà pọ́njú mú láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tí a sì fi oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì dá a dúró sílé títí tí ohun tó ń mú ara pọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi wọ ọpọlọ. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba káńfọ̀ rárá, bọ́ọ̀lù funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD ló kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. A gbé aṣọ ìkókó jáde látinú àpótí oníkáńfọ̀, a wọ̀ ọ́ fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ibà pọ́njú sì gùn ún. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹ má kó káńfọ̀ sáṣọ ọmọ. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé èyí dà bí ẹni pé mo kúrò lórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá tíì bàjẹ́ sàn ju èyí tí a ń tún ṣe.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọpọlọ ìrònú wọn pé. Ara ni kò jẹ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n nílò láti fi bá wa sọ̀rọ̀ kò wọ́n: páálí kan, àwòrán tí a gé látinú ìwé ìròyìn tàbí tí a fọwọ́ yà, gọ́ọ̀mù àti ọ̀rá tí a ó fi bò ó kí itọ́ má bàa bà á jẹ́. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣeé nà yóò tọ́ka. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé nà yóò fi ojú tọ́ka, tí a bá gbé páálí náà sókè tí a ń wo ibi tí ó ń wò.

Kí ni ó yẹ kó wà lórí páálí náà? Èyí tí mo máa ń rí jù ni oúnjẹ, omi, ilé ìgbẹ́, oorun. Ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹran ọ̀sìn náà ń jẹ, ó ń mu. Ọmọ ènìyàn nílò "mi ò fẹ́". Ó nílò "ó ń dùn mí", "ẹ̀rù ń bà mí", "ẹ kúrò lára mi". Ó nílò orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ gbogbo, títí kan èyí tí a kì í fẹ́ dárúkọ, nítorí pé àwọn ìkà mọ̀ pé ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò ní lè rojọ́. Ó nílò "ó pa mí lẹ́rìn-ín" náà, àti "ìwọ ńkọ́?", kí ó lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Àwọn ìyá máa ń bi mí bóyá páálí yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ, tí kò fi ní sọ̀rọ̀ mọ́. Rárá o. Àwọn tó ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ rí i pé kò dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, lára àwọn ọmọ mìíràn ó tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́.

Ní ti àwọn adití, wọ́n ní èdè, àwa ni a kò kọ́ ọ. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ jù fún wọn ní Áfíríkà ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Àrùn yírùnyírùn ló sọ òun fúnra rẹ̀ di adití nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nílùú Accra ní 1957, ó sì dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1960. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà lé ní 30 kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda ní 1987. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni èdè ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ adití wa tó lọ sílé ẹ̀kọ́ ń sọ fi bá ti Amẹ́ríkà tan. Ṣùgbọ́n adití tó dàgbà sí abúlé, tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ rí, àmì tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ jọ ṣe ló ń lò. Ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ lè máà gbọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ tó bá ní òun ti pe ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lo ọmọ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ló wà nítòsí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara rẹ̀, òun náà ló máa sọ fún un pé oyún inú rẹ̀ ti kú. Ọkọ náà kò dára jù, nítorí pé ọkọ lè jẹ́ ẹni tó ń lù ú. Ẹ sì dẹ́kun kíké orúkọ láti ojú fèrèsé. Ẹ fún gbogbo aláìsàn ní nọ́mbà, kí ẹ gbé nọ́mbà náà sókè kí wọ́n rí i. Adití tó ti jókòó láti aago mẹ́fà kò ní pàdánù ipò rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹni tí ẹ ké sí pé "Dúró!" tí kò dúró lè máà gbọ́ yín. Bí ó bá ti ọwọ́ bọ àpò, ó lè jẹ́ pé káàdì tó sọ pé adití ni òun ló fẹ́ fà yọ. Ẹ lo iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ na ọwọ́ sókè. Ní báńkì, kò bójú mu kí ẹ sọ fún adití tí wọ́n ti ti káàdì rẹ̀ pa pé kí ó tẹ̀ yín láago. Nọ́mbà tí ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí, tí ẹnìkan sì ń dáhùn, ti tó.

Akólòlò ńkọ́? Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, a lè rí nǹkan bí ọ̀kan, ọkùnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ. Wọ́n máa ń sọ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró títí yóò fi pè é? Olùkọ́ ní kí ó dìde kàwé, kíláàsì rẹ́rìn-ín, olùkọ́ ní "tètè, ayé ń lọ", ahọ́n bá tún dì sí i. Mùsùlùmí àti Kristẹni ló wà nínú yàrá yìí, gbogbo wa la sì gba Mósè gbọ́. Bíbélì sọ bí ó ṣe ní ahọ́n òun wúwo, Kùránì sọ bí ó ṣe bẹ Ọlọ́run kí ó tú kókó ahọ́n òun. Wọ́n fún un ní Áárónì láti ràn án lọ́wọ́, wọn kò sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi ronú sí èyí nígbà tí akólòlò bá wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Òfin wà lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ wọ̀nyí. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá láti 2007, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2010, èdè ọwọ́ àti àwọn ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn fi ń sọ ọkàn rẹ̀ jáde sì wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, òfin 2018 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019, sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn ìjọba tó bá ń tọ́jú ẹni tí ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ tàbí gbígbọ́ bá gbọ́dọ̀ ṣètò ọ̀nà tí a ó fi bá a sọ̀rọ̀. "Gbọ́dọ̀" ni, kì í ṣe àánú. Èmi rò pé ibi tí òfin náà ti ń sùn ni ìwé ìṣúná. Ògbufọ̀ ń jẹun, ó ń san owó ilé. Bí a bá ń pè é wá sílé ìwòsàn lọ́gànjọ́ tí a sì ń sọ fún un pé Ọlọ́run yóò san án fún un, lọ́jọ́ kan kò ní wá mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ àti aṣojú yín tó wà níbí, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀: kí owó iṣẹ́ ògbufọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí nọ́ọ̀sì kan ó kéré tán ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ èdè ọwọ́ lórí owó ìjọba, kí ẹ sì pe àwọn adití àti ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí sí ìpàdé tí ẹ ó ti pín owó náà, nítorí pé àwọn ló mọ ibi tó ti ń ta wọ́n.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. A ó gba ìbéèrè báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ìwé àti bírò wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ sọ ọ́, ògbufọ̀ wà lápá ọ̀tún mi, a sì ti san owó rẹ̀.